Àwa wo? Àlàyé lórí ojúsàájú ẹgbẹ́

Bí mo bá sọ ní Lágeré, nílùú Ilé-Ifẹ̀, pé sàíkọ́lọ́jì òṣèlú ni mò ń kà fún oyè másítà, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Ṣé ẹ fẹ́ gbé àpótí ìbò ni?" Ẹlòmíì á ní kí n wo ojú òun, kí n sọ ẹni tí òun máa dìbò fún. N kò ní owó àpótí, n kò sì mọ ojú wò. Ohun tó ń lọ lọ́kàn èèyàn nígbà tó bá ń dìbò, tó ń tẹ̀lé aṣáájú, tó ń gba àhesọ gbọ́, tàbí tó bọ́ sáàárín èrò tó ń sun táyà lójú títì, òun là ń wádìí. Ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ tí a kò lè kà lọ kà bọ̀ ká má bá a pàdé: ojúsàájú ẹgbẹ́. Ìyẹn ni kí n ṣe ẹ́ lóore ju ẹnì kejì rẹ lọ, kì í ṣe torí ìwà rẹ, torí pé o wà lọ́dọ̀ tiwa ni.

Níbi ìgbéyàwó kan ní Ìlódè ni mo ti mú ara mi. Ẹbí ìyàwó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ẹbí ọkọ wọ àǹkárá aláró. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni tan níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n sìn òun lọ, aláwọ̀ ewé ló sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ. Ọwọ́ ò tó, wọ́n ní kí n bá wọn pín oúnjẹ. Kúlà ẹran ti fẹ́ẹ̀ gbẹ kí n tó rí i pé aláwọ̀ ewé ń gba ẹran méjì lọ́wọ́ mi, aláró ń gba ẹyọ kan àti "ẹ má bínú". N kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn.

Henri Tajfel, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, ló sọ irú nǹkan báyìí di ẹ̀kọ́. Júù ni, ilẹ̀ Poland ni wọ́n bí i sí ní 1919. Ó ja Ogun Àgbáyé Kejì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé, àwọn ará Jámánì sì mú un. Nígbà tí ogun fi máa parí, wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹbí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Bristol, tó ń béèrè ohun tó kéré jù lọ tó lè sọ èèyàn di "tiwa" àti "tiwọn", kì í ṣe eré ọpọlọ ló ń ṣe.

Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1970, ó kó ọmọkùnrin 64 jọ, ọmọ ọdún 14 àti 15. Ó fi àmì kéékèèké hàn wọ́n fìrí, ó ní kí wọ́n fojú díwọ̀n iye rẹ̀. Ó wá sọ fún àwọn kan pé wọ́n wà lára àwọn tó ń díwọ̀n jù, ó sọ fún àwọn míì pé wọ́n wà lára àwọn tó ń díwọ̀n kù. Irọ́ ni, bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ló pín wọn. Ó wá ní kí kálukú dá jókòó, kó pín máàkì tó máa di owó fún ọmọ méjì míì. Nọ́ńbà àti ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n rí, kò sí orúkọ, kò sì sẹ́ni tó lè pín fún ara rẹ̀. Síbẹ̀, tiwọn ni wọ́n gbè.

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu ni ìdánwò tó tẹ̀ lé e, níbi tó ti fi àwòrán ayàwòrán méjì pín wọn. O lè fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ ní 19, àmọ́ ti ẹgbẹ́ kejì á gba 25. O lè fún àwọn méjèèjì ní 13. Tàbí kí tìẹ gba 7, kí tọ̀hún gba 1. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ dé ìkángun, àmọ́ ọ̀nà ibi 7 yẹn lọwọ́ wọn ń fà sí. Wọ́n gbà kí tiwọn pàdánù, bí tọ̀hún bá ṣáà ti kéré sí tiwọn.

Ibi tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti máa ń jiyàn nìyí. Bí wọ́n bá ti ka Tajfel tán, wọ́n á ní òun náà ló wà láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́: èdè kan náà, ìgbéyàwó ń lọ ó ń bọ̀, orúkọ lásán ló ń bá wọn jà. Mi ò gbà. Orúkọ lè jẹ́ kí n fún ọ ní ẹran kan péré. Kì í ṣe òun nìkan ló ń sun ilé. Ìjà 1981 àti 1983, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ní ilẹ̀ kòkó nínú, ó ní ìṣákọ́lẹ̀ nínú, ó ní ibi tí wọ́n máa gbé olú ìjọba ìbílẹ̀ sí nínú. Muzafer Sherif, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì míì, ti fi irú rẹ̀ hàn ní 1954, nígbà tó kó ọmọkùnrin 22 lọ sí àgọ́ kan ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, tó pín wọn sí méjì, tó sì gbé ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè gbà kalẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dáná sun àsíá ara wọn.

Apá tí kò dùn nínú ẹ̀kọ́ náà ni ìṣirò, ó pọ̀, mi ò ní fi da yín láàmú. Ìwé ìbéèrè ló le. A fẹ́ bi àwọn èèyàn bóyá "àwa ará ìlú yìí" lè fọkàn tán ara wa. Bàbá kan tó ń ra kòkó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àwa wo?"

Mo dákẹ́. "Àwa" Yorùbá lè jẹ́ èmi àtìrẹ, ó sì lè jẹ́ èmi àti àwọn èèyàn mi, kí o má sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ "ìjọba tiwa-n-tiwa" lórí rédíò, ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè pé tiwa ta ni. Bàbá fẹ́ mọ ibi tí mo dúró sí kó tó dáhùn, àtigbà tó sì ti bèèrè, ìdáhùn yòówù kó fún mi ti bàjẹ́.

Olùkọ́ wa ní ká yọ ọ́, ká fi àlàfo síbẹ̀, kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwọn tó ń pè ní àwa. Mo padà sọ́dọ̀ bàbá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ti gbé bírò sápá, mò ń retí Ifẹ̀ tàbí Mọdákẹ́kẹ́.

Ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀: àwa tí à ń sá kòkó lójú ọ̀dà."