“Iléèwé Náà Ti Gba Accreditation”: Èwo Nínú Rẹ̀?

Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Quality Assurance, àwọn tó ń rí sí ìwọ̀n ẹ̀kọ́, ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. “Àwọn NUC” ni àwọn olùkọ́ máa ń pè wá bí wọ́n bá ti rí wa tí à ń bọ̀ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, bẹ́ẹ̀ NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì, kò fún mi ní kọ́bọ̀ rí. Tí èsì JAMB bá ti jáde báyìí, fóònù wa kì í sinmi mọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iléèwé yín ti gba accreditation?”

Ìbéèrè yìí ti sú mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti gé fóònù, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, gbogbo àdúgbò wọn á ti gbọ́ pé iléèwé ayédèrú ni wá.

Ohun tí odidi yunifásítì aládàáni ń gbà lọ́wọ́ ìjọba ni láísẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ pé kí ó wà. Òun ni Babcock ní Ìlíṣàn, Igbinedion ní Òkadà àti Madonna ní Òkìjà gbà ní 1999, tí wọ́n fi di yunifásítì aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Accreditation, tí màá máa pè ní ìfọwọ́sí láti ibi lọ, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Kọ́ọ̀sì ló ni ín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Accounting lè gba tirẹ̀ kí Economics tí wọ́n jọ wà ní àjà kan náà má rí nǹkan kan gbà. NUC náà ní àyẹ̀wò kan tó jẹ́ ti odidi iléèwé, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó pè mí torí ìyẹn.

Níbo ni àṣìṣe yìí ti wá? Mo fura díẹ̀ sí àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, odidi iléèwé ni àjọ bíi SACSCOC, tó ń rí sí Texas àti Georgia àti agbègbè wọn, máa ń yẹ̀ wò. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston bá béèrè pé ṣé iléèwé kan gba accreditation, ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà níbi tó dúró sí. Ìgbà tó bá gbé e sórí WhatsApp ẹbí, tí wọ́n ń fi wá iléèwé fún ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀ṣun, ló di nǹkan mìíràn. Mo lè ṣì í o. Àwa tí a wà nílé náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Àìmọye bánà ni mo ti rí lẹ́nu géètì, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, FULLY ACCREDITED, láìsí orúkọ kọ́ọ̀sì kan lára rẹ̀. Ẹni tó ṣe bánà yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Ní ìgbà ìgbaniwọlé tó kọjá, bàbá kan wọ ọ́fíìsì wa. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ka Broadcasting ní iléèwé kan tí kì í ṣe tiwa, ẹnì kan ló ní kí ó wá bá mi. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi: “Madam, ẹ bá mi wò ó dáadáa, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì.” Fọ́tò bánà wà níbẹ̀, fọ́tò lẹ́tà kan sì tẹ̀ lé e. Màá padà sórí lẹ́tà yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n máa ń pè ní resource verification. Kí kọ́ọ̀sì tuntun tó bẹ̀rẹ̀, NUC á rán èèyàn wá wo bóyá àga wà, bóyá ìwé wà, bóyá olùkọ́ wà. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á kọ lẹ́tà pé kí iléèwé bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ láti gbé ìkòkò kaná nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó di ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ bá ti rìn jìnnà kí ìfọwọ́sí fúnra rẹ̀ tó dé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí ni àwọn kan máa ń fi férémù gbé kọ́ ara ògiri.

Gbogbo ìyẹn ṣì rọrùn láti là yé èèyàn. Ohun tí mi ò tíì rí ẹnì kan là yé dé gongo ni ìtumọ̀ Full, ọ̀kan nínú èsì mẹ́ta tí NUC ń fún kọ́ọ̀sì lẹ́yìn àyẹ̀wò. Àwọn òbí gbà pé Full ni kọ́ọ̀sì tó dára, Interim ni èyí tó ń gbẹ́mìí mì, Denied ni èyí tó ti kú. Ti Denied yẹn súnmọ́ òtítọ́, torí kọ́ọ̀sì tó bá gbà á kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Àwọn méjì tó kù ni kí ẹ jẹ́ ká jókòó tì.

Máàkì 100 ni wọ́n ń pín. Olùkọ́ ní 32. Ilé, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ohun èlò ní 25. Ètò ẹ̀kọ́ ní 23. Ilé ìkàwé ní 12, owó tí wọ́n ń ná sórí kọ́ọ̀sì náà ní 5. Èrò àwọn agbanisíṣẹ́ nípa àwọn tó ti jáde ní 3. Ẹ padà ka èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Kí kọ́ọ̀sì tó gba Full, àpapọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 70 nínú 100. Ìyẹn nìkan kò tó. Olùkọ́, ilé àti ohun èlò, ètò ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé, ìkọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rin yìí náà gbọ́dọ̀ ní ìdá 70 tirẹ̀. Tí ọ̀kan bá jákulẹ̀, Interim ni. Ẹ wá wò ó: kọ́ọ̀sì kan gba 85 lápapọ̀, àmọ́ 8 péré ló gbà nínú 12 ilé ìkàwé. Mẹ́jọ nínú méjìlá kò tó ìdá 70. Interim ló máa gbà. Kọ́ọ̀sì òdìkejì gba 71, ó pín in káàkiri débi pé kò sí èyí tó jákulẹ̀. Full. Òbí tó bá gbọ́ Interim á gbé ọmọ rẹ̀ sá kúrò ní ti ẹni 85, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni 71, á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun tètè mọ̀.

Ní ti 3 yẹn, èmi ni mo máa ń kó lẹ́tà àwọn agbanisíṣẹ́ jọ níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Lọ́dún kan, lẹ́tà mẹ́ta wá láti ilé iṣẹ́ mẹ́ta, gbólóhùn kan náà ló sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àwọn ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ kára, wọ́n sì ní ìtẹríba. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí àwa la fi àpẹẹrẹ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn. Ká tiẹ̀ ní kò sí agbanisíṣẹ́ kankan tó sọ rere, kí kọ́ọ̀sì náà gba òdo níbẹ̀, ó ṣì lè gba 97. Ohun tí àwọn òbí rò pé ìfọwọ́sí ń wọ̀n, ìyẹn ohun tí ọmọ mọ̀ nígbà tó bá jáde, ẹ̀yìn ilé ló wà nínú ìṣirò náà.

Olùkọ́ ló wà ní pálọ̀. Wọ́n ń ka orí: ọ̀jọ̀gbọ́n ìdá 20 nínú 100, senior lecturer ìdá 35, àwọn tó kù ìdá 45. Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ 20 ní sáyẹ́ǹsì, 15 ní ẹnjiníà, 30 ní àwọn ẹ̀kọ́ bíi èdè àti ìtàn. Gbogbo rẹ̀ bójú mu. Inú fáìlì ni wọ́n sì ti ń kà á. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá ṣàyẹ̀wò ní ọjọ́ méjì mẹ́ta péré. Wọ́n á wo lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, wọ́n á wo ìwé ẹ̀rí, wọ́n á rí ènìyàn náà sójú. Wọn kò lè mọ ẹni tó ń wọ kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀ tí òjò ń rọ̀.

Níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn náà, fáìlì ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta dé bá wa nínú àpòòwé kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ, a ti lẹ bébà mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má fara tì í. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, aṣọ rẹ̀ gún régé, ó pè mí: “Ọmọ mi, ibo ni Faculty wa wà?” Ó ní “wa.” Mo sìn ín débẹ̀. Ní láàbù, ẹ̀rọ tuntun kan wà lórí tábìlì, pọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá. A gba Full lọ́dún náà, a pa màlúù.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ibi rí. Ibi tí mo wà báyìí, àwọn olùkọ́ tó wà nínú fáìlì ni mo ń bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà níta, kí lẹ máa fi mọ ìyàtọ̀? Full kan náà ni wọ́n kọ fún àwa méjèèjì.

Orúkọ ìwé tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò gan-an yẹ kó ti ṣí wa lójú. Láti 1948 tí wọ́n ti dá University College sílẹ̀ n'Íbàdàn títí di 1962, London ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní oyè, London náà ló sì ń ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Ọdún 1962 náà ni wọ́n dá NUC sílẹ̀, ó di àjọ tó ní òfin tirẹ̀ ní 1974, òfin 1985 sì gbé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹ̀kọ́ lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ìwé lóríṣiríṣi ti jáde, tí orúkọ wọn ń yí padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò nínú rẹ̀: minimum. Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín sí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá ohun tí òfin lè gbà. Àwa la sọ ìsàlẹ̀ di òkè, tí a fi ń ṣe bánà.

Èyí tó jáde ní December 2022, CCMAS, ní kí NUC pèsè ìdá 70 ètò ẹ̀kọ́, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ìdá 30 kún un. Inú 30 yẹn ni iléèwé kan ti lè yàtọ̀ sí èkejì. Láti ọdún náà, kò tíì sí òbí kan ṣoṣo tó bi mí pé kí ni ẹ fi sí 30 tiyín.

Bóyá mo ti le jù. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi ìbẹ̀rù olùyẹ̀wò rà, tí àwọn ọmọ ṣì ń kà títí dòní. Mo ti rí olùkọ́ tí wọn kì bá tí gbà síṣẹ́ láéláé bí kì í bá ṣe ti 32 yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láìsí àyẹ̀wò yìí, àwọn kan á ti máa fi gáréèjì kọ́ ẹnjiníà. Torí náà, bí wọ́n bá ní kọ́ọ̀sì kan kò ní ìfọwọ́sí, ẹ sá fún un. NYSC kò ní gba ọmọ yín. Bí wọ́n bá ní ó ní in, ohun tí ẹ mọ̀ kò tíì pọ̀, ẹ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ẹ béèrè orúkọ kọ́ọ̀sì bó ṣe wà nínú lẹ́tà, kì í ṣe bí ẹnu ṣe ń pè é. Bí ó bá jẹ́ Law, ẹ béèrè ti Council of Legal Education lọ́tọ̀, torí NUC nìkan kò lè gbé ọmọ dé Nigerian Law School. Bí ó bá jẹ́ ìṣègùn, ti MDCN, àjọ tó ń rí sí àwọn dókítà. Bí ó bá jẹ́ ẹnjiníà, ti COREN, àjọ tó ń rí sí àwọn ẹnjiníà. Kí ẹ tún wo ọjọ́: Full kì í kọjá sáà ẹ̀kọ́ márùn-ún, Interim kì í kọjá méjì.

Lẹ́tà tí bàbá yẹn fi hàn mí, Mass Communication ló wà lórí rẹ̀. Broadcasting lọmọ rẹ̀ fẹ́ kà. Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni NUC ti ní kí wọ́n tú Mass Communication sí kọ́ọ̀sì méje, Broadcasting sì di ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú ìfọwọ́sí tirẹ̀. Mo fi ìka fa fọ́tò náà tóbi, mo wá ọjọ́ rẹ̀. 2016. A jọ kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ìka tán kí a tó dé ọdún tí a wà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé lẹ́tà tuntun ti dé, ó wà ní ọ́fíìsì VC. Mo ní kí ó sọ fún wọn kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ó lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ti rí lẹ́tà tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí tábìlì ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ó ti san owó ìgbaniwọlé, fọ́tò náà kò tíì dé.