Bí Àdírẹ́sì Ṣe Ń Di Àmì Lórí Máàpù Kí Awakọ̀ Tó Gbéra

Tí oníbàárà bá tẹ "Ojúlé 14, Sùúrùlérè" sórí ètò tí iléeṣẹ́ akẹ́rù fi ń gba ọ́dà, kọ̀ǹpútà ò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan wá ọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́mbà méjì: ọ̀kan ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó síhà àríwá sí ìlà tó la ayé láàárín, èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó síhà ìlà oòrùn sí Greenwich ní London. Geocoding ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Iye owó, ọ̀nà tí awakọ̀ máa gbà àti àkókò tó máa dé, orí nọ́mbà méjèèjì yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Sùúrùlérè wo gan-an? Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà l'Ékòó, òmíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lápá Ògbómọ̀ṣọ́. Ìfẹ́lódùn àti Ìrẹ́pọ̀dùn wà l'Ọ̀ṣun, wọ́n tún wà ní Kwara. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù tó dáa kì í fi í jẹ́ kí èèyàn fo ìpínlẹ̀.

Ewu tó tóbi jù ni pé ètò tó ń ṣe geocoding kì í sábà sọ pé òun ò mọ ibẹ̀. Tí ò bá rí ilé, á mú àárín títì; tí ò bá rí títì, á mú àárín àdúgbò, á sì ki àmì bọ ibẹ̀ bíi pé ó dá a lójú. Àmọ́ ó máa ń sọ irú èsì tó jẹ́, ẹni tó bá wò ó ló máa rí i. Lọ́dọ̀ Google, ROOFTOP ni pé ó rí ilé náà gan-an. RANGE_INTERPOLATED ni pé ó fojú bù ú láàárín nọ́mbà ilé méjì tó mọ̀. Ládùúgbò tí ojúlé 7 ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 32, irọ́ lásán ni. GEOMETRIC_CENTER àti APPROXIMATE tún jìnnà sí ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ́dà tí èsì rẹ̀ kì í bá ṣe ROOFTOP ò yẹ kó lọ tààrà sọ́dọ̀ awakọ̀ rárá. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ pe oníbàárà: bọ́sítọ́ọ̀pù wo, mọ́ṣáláṣí wo ló kọjú sí, géètì aláwọ̀ wo? Lẹ́yìn náà ni yóò fa àmì náà dé ẹnu géètì. Òrùlé nìkan ò tó, torí géètì ọgbà ńlá lè wà ní títì kejì.

Nọ́mbà méjì tó ń sọ ibi tí ilé wà tún lè ṣìpò. Google ń kọ́kọ́ kọ ti àríwá, GeoJSON, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń kọ dátà máàpù sílẹ̀, ń kọ́kọ́ kọ ti ìlà oòrùn. Èkó wà ní nǹkan bíi 6.5 àti 3.4, yí i padà, inú òkun ni ẹrù ń lọ, ètò sì lè tètè mọ̀ pé kì í ṣe Nàìjíríà. Ti Kano ló ń tanni jẹ. Yí 12.0 àti 8.5 padà, ẹ̀bá Ganye ní Adamawa ni àmì máa bọ́ sí, nínú Nàìjíríà kan náà. Nítorí náà, kí ètò fi ìpínlẹ̀ tí àmì bọ́ sí wé èyí tí oníbàárà tẹ̀, kó sì dá ọ́dà dúró tí wọn ò bá bára mu.

Tí ẹrù bá ti dé, ibi tí fóònù awakọ̀ wà nígbà tí wọ́n gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ètò tọ́jú mọ́ àdírẹ́sì yẹn. Nọ́mbà márùn-ún lẹ́yìn pọ́ìntì ni kó fi pamọ́, ìyẹn bíi mítà kan. Méjì péré lè fi nǹkan bí ìdajì kìlómítà ṣìnà.