Okùn Ọ̀pá Ẹ̀yìn àti Gbòǹgbò Iṣan

Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni okùn rírọ̀ tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò àárín eegun ẹ̀yìn. Lára àgbàlagbà, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì nípọn bí ìka ọmọńdinrín. Awọ mẹ́ta ló wé e. Àwọn awọ yìí ni àrùn yírùnyírùn máa ń mú, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, tó máa ń jà ní àríwá Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Gbòǹgbò iṣan

Yorùbá ń pe ohun púpọ̀ ní iṣan. Èyí tí a ń sọ níbí ni iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara. Méjìméjì ló ń jáde lára okùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ìpele 31: ọrùn 8, àyà 12, ìbàdí 5, egungun ìdí 5, ṣóńṣó ìdí 1. Gbòǹgbò méjì ló ń para pọ̀ di iṣan kọ̀ọ̀kan. Tẹ̀yìn ń mú ìmọ̀lára wọlé, tiwájú ń gbé àṣẹ jáde.

Okùn fúnra rẹ̀ kò dé ìdí. Ó máa ń parí síbi eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì. Láti ibẹ̀, gbòǹgbò nìkan ló ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ìrù ẹṣin ni àwọn oníṣègùn sọ ọ́ lédè Látìn, ẹni tó bá sì ti tẹ̀ lé ẹṣin Dọ́bà lẹ́yìn ní Kano tàbí Zaria yóò gbà pé orúkọ náà bá a mu.

Àárín eegun kan sí ìkejì ni tìmùtìmù kerekere wà. Bí ara rẹ̀ bá ya, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ lè tú síta kó tẹ gbòǹgbò, pàápàá láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún, tàbí láàárín ìkarùn-ún àti egungun ìdí. Ìrora á ta láti ìdí, á gba ẹ̀yìn itan dé ẹsẹ̀. Ikọ́ tàbí sísín á mú un le sí i. Ní Nyanya àti Mararaba, ní agbègbè Àbújá, jẹ̀dí tàbí làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè é, àgbo sì ni wọ́n ń mu sí i. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àgbo máa gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá há, tí ara sì kú níbi tí gàárì ẹṣin máa ń kàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrù ẹṣin ni nǹkan tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, kò gbọdọ̀ dọ̀la.

Àìsàn okùn

Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ba eegun ẹ̀yìn jẹ́ títí tí yóò fi wó, tí iké yóò yọ, tí ẹsẹ̀ yóò sì máa rọ. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1779. Kì í ṣe gbogbo abuké la bí bẹ́ẹ̀. Oògùn olóṣù púpọ̀ ló ń wò ó, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nílé ìwòsàn ìjọba.

Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, shan inna lẹ́nu àwọn Hausa, ń pa sẹ́ẹ̀lì iwájú okùn tó ń pàṣẹ fún ẹran ara, àmọ́ kì í pa ìmọ̀lára. Ẹni tó ń fọwọ́ wa pákó oníwíìlì láàárín ọkọ̀ l'Ábújá ń mọ̀ ọ́n lára bí ọ̀dà títì bá gbóná kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ. Borno ni wọ́n ti rí oríṣi àdánidá rẹ̀, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 2016. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé oríṣi yìí ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà.

Ìjàǹbá ọkọ̀ náà ń já okùn. Bí ó bá já lókè ìpele kẹrin ọrùn, èémí lè dúró. Ojú títì ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́ sí i, nígbà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ bá gbá ẹni náà lápá lẹ́sẹ̀, tí orí rẹ̀ ń mì dirodiro, tí wọ́n sì ká a sẹ́yìn ọkọ̀. Orí pákó tó tẹ́jú ló yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ sí, kí ẹnì kan sì di orí rẹ̀ mú títí wọn yóò fi dé ilé ìwòsàn.