Sẹ́psíìsì: ẹ̀ṣọ́ tó ń jó ìlú ara rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ méjì wà nínú agboolé kan ní Kétu, tí kòkòrò kan náà wọ̀ wọ́n lára. Ara ọ̀kan gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lo oògùn, ó padà sídìí bọ́ọ̀lù. Èkejì ńkọ́? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ohun tó ṣe é yìí ni àwọn dókítà ń pè ní sẹ́psíìsì.

Àwọn kan ń pè é ní májèlé inú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ orúkọ yẹn kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó bá mọ Akaba Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ní Kétu, kó fojú inú wo ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀: ọ̀tá wọlé, ẹ̀ṣọ́ lé e, ṣùgbọ́n gbogbo òrùlé tó ń kọjá ló ń ti iná bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ara ọmọ ló ń ba kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí, oúnjẹ, àjẹsára, bí wọ́n ṣe tètè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ló ń dá kún un. Ìbí náà wà níbẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní Denmark lọ́dún 1988 nípa àwọn tí wọ́n gbà tọ́: ẹni tí àkóràn bá pa òbí tó bí i kí òbí náà tó pé ẹni 50 ọdún, ewu kí àkóràn pa òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6. Ti òbí tó gbà á tọ́ kò ràn án.

Jíìnì ni àṣẹ tí bàbá àti ìyá fi sára ọmọ. Àwọn ọmọ díẹ̀, wọn ò wọ́pọ̀ rárá, ni jíìnì wọn kan tó ń jẹ́ IRAK4 kì í ṣiṣẹ́: ẹ̀ṣọ́ rí ọ̀tá, ó lùlù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ara wọn lè má tilẹ̀ gbóná títí àìsàn yóò fi wọ̀ wọ́n lára, ìyẹn ló sì ń tan òbí jẹ. Bí ẹ bá wá gbọ́ pé wọ́n ti rí “jíìnì sẹ́psíìsì”, ẹ rọra gbà á o. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n kéde ni àwọn mìíràn tún wò lára ọmọ mìíràn, tí wọn ò rí nǹkan.

Èyí tó kàn wá gan-an kì í ṣe àjèjì: SS ni, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀ bíi dòjé, tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè ní drépanocytose. Kódà, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi jíìnì náà ń jẹ́ Bénin káàkiri ayé. Lábẹ́ egungun ìhà òsì ni asẹ́ kan wà tó ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé ń dí ojú asẹ́ yìí, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún kan. Kòkòrò pneumocoque á wá ráyè, ibà àná á di òkú òní. Àbíkú ni àwọn bàbá wa ń pe irú rẹ̀ nígbà míì. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n rí i pé ó ń tẹ̀lé ìdílé, ohun tó ń gbé e kiri ni wọn ò rí.

Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìyẹn ni pé jíìnì náà kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Lọ́dún 1986 ni wọ́n fi hàn ní Amẹ́ríkà pé pẹnisílínì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dín àkóràn pneumocoque kù ní ìdá 84 nínú 100 láàárín àwọn ọmọ SS kéékèèké. Àjẹsára rẹ̀ náà wà. Bí ara ọmọ SS bá gbóná lóru, ẹ má fi parasitámọ́ọ̀lù dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tó jókòó: “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ SS ni.”