Omi Tó Yí Bàbà Ká

Ẹ bu zobo sínú ife, ẹ fi omi là á títí pupa rẹ̀ á fi rọ̀, ẹ wọ́n iyọ̀ ṣíbí kan sí i. Ẹ yọ ẹ̀ẹ́dú inú pẹ́ńsùlù méjì, ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu bátìrì 9-volt, kí ẹ kì wọ́n bọ inú ife náà. Kò ní pẹ́ tí èyí tó wà lẹ́nu tó ní àmì àyọkúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ibi tó ti ń hó yẹn, zobo ibẹ̀ á kúrò ní pupa, á dà bí aró, á wá di àwọ̀ ewé.

Ọdọọdún ni mo ń ṣe é fún àwọn ọmọ SS2 mi ní Kubwa. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì tó ń tajà lẹ́nu géètì wa ni mo ti ń ra zobo. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ife dáadáa, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fi káún sí i ni?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Ẹ má purọ́ o. Káún ló ń ṣe zobo báyìí."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Káún ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìbátan rẹ̀ wà níbẹ̀. Iná ti fa háídírójìn yọ lára omi, ohun tó sì ṣẹ́kù ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Ẹ̀bá pẹ́ńsùlù yẹn nìkan ló kóra jọ sí.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí àwọn tó fẹ́ fi iná sọ èéfín di nǹkan gidi tó wá fojú sí ẹ̀bá yẹn. Ìtàn wọn nìyí.

Èéfín tí mò ń sọ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú èémí tí a ń mí síta, òun náà ni igi ìdáná, ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ń tú sílẹ̀. Ní 1870, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Royer lo síǹkì, ó fi iná sínú omi tí afẹ́fẹ́ yìí wà, ó sì rí ásíìdì fọ́mìkì, irú èyí tó wà nínú oró èèrà. Àwọn tó tẹ̀ lé e gbìyànjú mákúrì àti òjé. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè: mẹ́táàlì wo ló dára jù?

Yoshio Hori ló dáhùn rẹ̀ ní Yunifásítì Chiba ní Japan. Ní 1985, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ to mẹ́táàlì lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi iyọ̀ kan tó ń jẹ́ pọtásíọ̀mù báíkábọ́nétì, wọ́n sì ṣírò ibi tí gbogbo iná tó wọlé lọ. Wúrà àti fàdákà mú kábọ́ọ̀nù mónósáìdì jáde, èyí tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn lójú oorun. Òjé àti tánńganran mú fọ́mìkì wá. Irin àti níkẹ́ẹ̀lì kàn ń fa háídírójìn jáde nínú omi ni. Bàbà nìkan, bàbà inú wáyà iná ilé wa, ló mú mẹ́téènì jáde dáadáa, ní 1986 wọ́n sì fi hàn pé ó ń mú ẹ́tílíìnì jáde pẹ̀lú. Ẹ́tílíìnì sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn náà sí, wọ́n á ní bàbà ni akọni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá tí Hori ṣe ni pé ó fi bàbà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó wá ń pààrọ̀ omi.

Ní 1989, ó fi hàn pé bàbà kan náà á mú ẹ́tílíìnì púpọ̀ wá nínú omi pọtásíọ̀mù kíláráìdì, tàbí nínú báíkábọ́nétì tí wọ́n là dáadáa. Nínú omi fọ́sífétì, mẹ́téènì àti háídírójìn ló ń gba iwájú. Ohun tó fà á ni ohun tí Ìyá Ìbejì rí nínú ife. Fọ́sífétì máa ń pa ìbátan káún yẹn kó tó kóra jọ sẹ́bàá bàbà. Kíláráìdì ò lágbára láti pa á. Àwọ̀ ewé kékeré tó wà létí pẹ́ńsùlù ló ń pinnu ohun tí èéfín máa dà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyí: àwọn mìíràn tó lo bàbà ní iṣẹ́ rẹ̀ ń kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n sì rò pé àìsàn bàbà ni. Hori tọpa ẹ̀bi náà dé inú iyọ̀ tí wọ́n rà. Irin àti síǹkì wà nínú rẹ̀, wọn ò tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan, àwọn ló ń lẹ̀ mọ́ bàbà lójú. Ó wá ń fi iná fọ omi náà ṣáájú kí bàbà tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti fi omi kànga ẹ̀rọ tó ní ìdọ̀tí irin fọ aṣọ funfun á mọ̀ pé èyí kì í ṣe àsọdùn.

Ní 1991, Murata àti Hori gbé ìbéèrè náà síwájú: ṣé irú iyọ̀ náà ṣe pàtàkì? Wọ́n lo lítíọ̀mù, sódíọ̀mù, pọtásíọ̀mù àti sísíọ̀mù. Bí a bá pín iná tó wọlé sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 5 ló di ẹ́tílíìnì nínú omi lítíọ̀mù, nínú omi sódíọ̀mù ó tó 13, nínú omi pọtásíọ̀mù ó tó 30. Lítíọ̀mù máa ń gbé omi púpọ̀ mọ́ra, kì í lè sún mọ́ bàbà. Sísíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù máa ń sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Awuyewuye lórí ìdí rẹ̀ kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, yọ lítíọ̀mù, sódíọ̀mù, pọtásíọ̀mù àti irú wọn kúrò nínú omi pátápátá. Wúrà, fàdákà àti bàbà dákẹ́. Èéfín ò di nǹkan kan. Wọ́n dá iyọ̀ padà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, wọ́n ti lo omi pọtásíọ̀mù háídírọ́sáìdì tó le gan-an ní 2018, ẹ́tílíìnì sì pọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi bẹ́ẹ̀ ń gbé èéfín mì, ó ń sọ ọ́ di kábọ́nétì, ẹ̀gbọ́n káún gan-an, tó ń gbá jọ sínú ẹ̀rọ títí á fi dí. Ní 2021 kan náà ni wọ́n fi hàn níbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe nínú ásíìdì pàápàá, bí pọtásíọ̀mù bá ti kún ẹ̀bá bàbà.

Lẹ́yìn kíláàsì ní táàmù tó kọjá, ọmọbìnrin kan dúró tì mí.

"Sà, sódíọ̀mù ló wà nínú káún, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, káún tó ń ti ìhà adágún Chad wá, sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀.

"Omi eérú ńkọ́, sà? Ìyá àgbà mi ní ọṣẹ eérú kì í le bí ọṣẹ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo kọ 13 àti 30 sójú pátákó, mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ronú díẹ̀, ó kọ "káún" sábẹ́ 13, ó sì kọ "eérú" sábẹ́ 30.