Orí Àpótí Òkúta Ni Fọ́tò Wa Ti Bẹ̀rẹ̀

Fọ́tò ìyá àgbà wa kan wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Orò. Màmá jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tẹlẹ̀ gbọnyin, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí orúnkún, wọ́n sì kọjú sí ẹni tó ń wò wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Rédíò kan wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kì í ṣe tiwọn, oní-fọ́tò ló gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́, tí kò jìnnà sílé wa rárá, mo dúró níwájú ère obìnrin kan, àyà mi sì là gàà. Ìjókòó màmá gan-an ni!

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin ló gbé fọ́tò wá bá wa ní Kwara ń sọ.

Ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀ ní 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Òkúta rírọ̀ tí irin ń wọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kéré débi pé ọwọ́ kan gbé wọn, àwọn mìíràn ga ju mítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí tó rí bí olú. Àwọn kan gbé ọwọ́ lé orúnkún, àwọn kan fi idà ti èjìká. Ilà wà lójú àwọn mìíràn, irun wọn sì ní ọnà lóríṣiríṣi, tó fi hàn pé ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ irú ẹni tí òun ń gbẹ́.

Àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn sọ pé ṣe ni àwọn bá ère náà níbẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àlejò ni wọ́n nígbà kan, kí wọ́n tó di òkúta. Àwọn onímọ̀ kan ń nawọ́ sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Nupe; n kò rí ìdí tí a ó fi máa wá olóhun kiri fún ohun tó wà nínú igbó wa. Ìtàn àlejò yẹn ni mo fẹ́ràn. Èèyàn wà níbi tó jókòó sí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ayé: kí tún là ń pè ní fọ́tò? Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń gbẹ́ ère nígbà náà ti máa pe èèyàn wá síwájú rẹ̀, kó ní, "Ẹ má mira o." Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó rí já jẹ ti sanwó kí ère tirẹ̀ lè sún mọ́ Ọba Ère, olórí gbogbo wọn, bí àwa náà ṣe ń du ẹ̀gbẹ́ ọkọ ìyàwó nínú fọ́tò ìgbéyàwó.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan tú àwòrán sí "à-wò-rántí", mo sì fara mọ́ wọn. Yíya sì là ń ya fọ́tò, bí ọmọdé ṣe ń fi èédú ya ẹran sára ògiri. Iṣẹ́ ọwọ́ ni èdè wa kà á sí. Ẹ̀rọ kàn wá bá a níbẹ̀ ni.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù wá láti Ìlá Ọ̀ràngún. Ọ̀ṣun ni ìjọba pín wọn sí, àmọ́ Ìgbómìnà ni wọ́n, ọmọ ìyá wa ni. Ibẹ̀ ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ti lọ wo iṣẹ́ àwọn oní-fọ́tò ní 1975, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Nígbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú láìní fọ́tò, oní-fọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, Táyé àti Kẹ́hìndé á sì jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á tún wọ aṣọ èyí tó lọ, wọ́n á tún yà á. Fọ́tò wá ń ṣe iṣẹ́ ère ìbejì. Òyìnbó tó ṣe kámẹ́rà kọ́ ló kọ́ wọn nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìlọrin máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn fọ́tò láti 1908, tí ọkọ̀ ojú irin dé ọ̀dọ̀ wọn. Kámẹ́rà lè bá ojú irin wá. Ìjókòó kò bá a wá. Ti Èkó, tí sítúdíò ti wà níbẹ̀ ṣáájú 1900, ìtàn Èkó nìyẹn.

Èyí tó kù, gbogbo wa ló ṣojú rẹ̀. Dúdú-òun-funfun di kálà, fíìmù kógbá sílé, fóònù dé, ẹ̀rọ tó ń fò sì ń ya àwọn ẹlẹ́ṣin láti òkè níbi Durbar Ìlọrin.

Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ ní Táńkẹ̀ ń fi fọ́tò àwọn tó ń gboyè ní Yunifásítì Ìlọrin jẹun. Àmọ́ bó bá ti dé ilé wọn l'Ọ́fà lọ́dún, á ya ìyá rẹ̀ lórí àga kan náà lẹ́nu ọ̀nà. Kì í gbé e sórí Instagram. Ó ní ìyá òun ti ń gbàgbé orúkọ èèyàn, òun ò sì fẹ́ gbàgbé ojú wọn láé. Ó fi wọ́n hàn mí, mẹ́sàn-án. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ ìyá wà lórí orúnkún. Mo bi í bóyá òun ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀.

"Rárá o, bọ̀dá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀."