Bí òfin bá ti de kẹ́míkà tó ń ba ozone jẹ́, kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi ṣì ń ṣe é?

Àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Akure, àti àwọn oníṣẹ́ tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù wọn ṣe, mọ̀ pé owó R-22, gáàsì tó ń mú kí ẹ̀rọ wọ̀nyí tutù, kì í dúró lójú kan. Ohun tó ń rú wọn lójú ni pé wọ́n ń gbọ́ pé òfin àgbáyé ti dè é, síbẹ̀ wọ́n ń rí i rà, wọ́n sì tún ń gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun kò ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ṣé àwọn mẹ̀kúnnù nìkan ni òfin náà wà fún ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Kí ni ozone, kí sì ni àwọn kẹ́míkà yìí ń ṣe fún un?

Ozone ni afẹ́fẹ́ kan tí átọ́ọ̀mù oxygen mẹ́ta so pọ̀ di. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lókè réré, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí 35, níbi tó ti ń dá ìtànṣán oòrùn tó léwu dúró kí ó má bàa dé ara wa. Bí kò bá sí níbẹ̀, jẹjẹrẹ awọ ara àti àìsàn ojú yóò pọ̀ sí i, ohun ọ̀gbìn náà yóò sì fara gbá a.

Àwọn kẹ́míkà tí à ń pè ní CFC kì í jóná, wọn kì í tètè pa ènìyàn lára, wọn kì í sì í bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi fẹ́ràn wọn fún fíríìjì, fún agolo afẹ́fẹ́ olóòórùn dídùn, fún fóòmù àti fún fífọ ọ̀rá kúrò lára irin. Àìbàjẹ́ wọn yìí gan-an ni ewu wọn, nítorí pé wọ́n máa ń pẹ́ lójú ọ̀run títí wọn yóò fi gòkè dé ibi tí oòrùn ti lè já wọn, tí èròjà chlorine inú wọn yóò sì tú jáde. Mario Molina àti Sherwood Rowland, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà, ló ṣàlàyé èyí ní 1974. Átọ́ọ̀mù chlorine kan ṣoṣo lè ba nǹkan bí 100,000 ẹyọ ozone jẹ́ kí agbára rẹ̀ tó tán. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Bìrìtìkó kéde pé ozone orí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, máa ń fẹ́lẹ́ gan-an ní àsìkò kan láàárín ọdún.

Ta ni òfin náà dè gan-an?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Àdéhùn Montreal, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 1987, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989, kò lé ẹni tó ń lo gáàsì kiri. Ohun tó ń kà ni iye tí orílẹ̀-èdè kan ṣe, a fi iye tó kó wọlé kún un, a sì yọ iye tó kó jáde kúrò. Àwọn tó ń ṣe kẹ́míkà yìí kò pọ̀ lágbàáyé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó kò níye. Ní tèmi, ọgbọ́n tó ga jù nínú àdéhùn náà ni pé ó di àwọn díẹ̀ yẹn mú, ó sì dúró sẹ́nu ibodè. Ó tún ní kí àwọn tó fọwọ́ sí i má ṣe bá ẹni tó kọ̀ ọ́ dòwò pọ̀ lórí àwọn kẹ́míkà náà, èyí tó jẹ́ kí ìkọ̀sílẹ̀ nira. Gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Nàìjíríà wọlé ní 1988.

Wọn kò sì di ẹrù kan náà lé gbogbo wọn lórí. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ fi CFC sílẹ̀ ní 1996. Àwa àti àwọn ẹgbẹ́ wa ní títí di 2010, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní láti pààrọ̀ ẹ̀rọ. R-22 wà nínú àwọn tó rọ́pò CFC fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní chlorine nínú. Fún irú wa, iye tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i mọ́ láti 2013: ìdá 35 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti kúrò ní 2020, ìdá 67.5 ní 2025, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní 2030. Ìyẹn ni pé gáàsì tó wà lọ́jà Akure kì í ṣe ẹ̀rí pé òfin ti kú. Ara ìdá tó ṣẹ́ kù ló lè jẹ́, iye tó ń wọlé sì ní láti máa dín kù bí ọdún ti ń yí.

Kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá fi ṣì ń ṣe é?

Nítorí pé àdéhùn náà yọ ohun kan sílẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá lo kẹ́míkà náà tán pátápátá láti fi ṣe kẹ́míkà mìíràn, wọn kì í kà á mọ́ ohun tí orílẹ̀-èdè náà ṣe. R-22, fún àpẹẹrẹ, ni wọ́n fi ń ṣe ohun tó ń di Teflon tí wọ́n ń kùn sínú ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Èrò àwọn tó kọ àdéhùn ni pé ó dà bí èlùbọ́ tó ti di àmàlà: kò sí ẹni tó tún lè bu èlùbọ́ nínú rẹ̀ mọ́.

Èrò náà bọ́gbọ́n mu lórí ìwé. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà máa ń jò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, tí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n bá sì ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, irú ìlò yìí sì ti pọ̀ ju bó ti wà ní 1987 lọ. Mo gbà pé àkókò tó láti ti ilẹ̀kùn yìí díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán kí wọ́n fi ipá mú àwọn ilé-iṣẹ́ láti wọn ohun tó ń jò kí wọ́n sì kéde rẹ̀. Kò tọ́ kí oníṣẹ́ kékeré máa san owó gọbọi lórí sílíńdà kan, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò ní dáhùn fún èyí tó jò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ó yọ kòkó ìpínlẹ̀ Ondo náà sílẹ̀ ni?

Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Methyl bromide, tí wọ́n fi ń fín ilé ìkẹ́rù kí kòkòrò má bàa jẹ irè oko, wà lára àwọn tí òfin dè; ní 2015 ni ó yẹ kí irú orílẹ̀-èdè wa ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà fàyè gba fífín ẹrù tó ń lọ sókè òkun kí kòkòrò má bàa bá a wọ ìlú onílùú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bí ẹnì kan bá rú òfin?

Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kéde pé CFC-11, tó yẹ kó ti dópin ní 2010, kò dín kù bó ti yẹ láti nǹkan bí 2012, èyí tó fi hàn pé ẹnì kan tún ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ìwọ̀n ní Kòríà àti Japan tọ́ka sí ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Fóòmù ni wọ́n fura pé wọ́n ń fi ṣe: oògùn olómi méjì ni wọ́n máa ń pò pọ̀, CFC-11 á hó nínú rẹ̀, fóòmù á ru sókè kún àárín ògiri ilé ẹja tàbí ìlẹ̀kùn fíríìjì, á sì gan. Gáàsì náà á wá há sínú àwọn ihò wẹ́wẹ́, á máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí yìí, ìjọba Ṣáínà gbógun ti àwọn tó ń ṣe é, ìwọ̀n sì fi hàn ní 2021 pé èéfín náà ti rọlẹ̀.

Gáàsì tuntun tí kì í ba ozone jẹ́ ńkọ́, kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ dín in kù?

R-134a, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tuntun náà, kò ní chlorine, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná tó ìlọ́po 1,430 ti carbon dioxide bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wò ó. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Àdéhùn Montreal ní ìlú Kigali ní 2016 ni ó mú irú rẹ̀ wọ inú àdéhùn.

Kí ni oníṣẹ́ fíríìjì ní Akure lè ṣe?

Ẹ má ṣe tú gáàsì sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́ńpúrẹ́sọ̀; ẹ fà á padà sínú sílíńdà, nítorí pé èyí tí ẹ fà padà yẹn, ẹ lè tún un lò. Ẹ wá ibi tó ń jò kí ẹ tó kún un. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kí ẹ tó ra gáàsì, ẹ má sì ṣe rọ R-600a tàbí R-290 sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún R-22 tàbí R-134a, nítorí pé àwọn méjèèjì ń gbiná, ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì ní ohun tó lè dáàbò bo ilé lọ́wọ́ iná náà.